Ewì tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Rábì

Ní ilé wa ní Ìtòkú, kò sẹ́ni tó lè kọrin kó kọ ọ́ gbé. Bí o bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n nídìí aṣọ, ẹnìkan á ti ní ohùn rẹ ga jù, ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ kejì kò bá tàkọ́kọ́ mu, ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé pàápàá á ju tirẹ̀ sí i láti ibẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni a ń ṣe. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ẹni tó bá sì jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ẹnu ṣe. Àwọn obìnrin á tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó, oníkálukú á mú ìyẹ́ adìyẹ tirẹ̀, á máa tì í bọ inú ẹ̀kọ, á máa fi fa ilà sára aṣọ: ẹja, ẹyẹ, ewé, àpótí kéékèèké tí nǹkan wà nínú wọn. Ẹ̀kọ yẹn, láfún ni, láfún kan náà tí a ń fi ẹ̀fọ́ jẹ lálẹ́, àfi pé ti aṣọ ní álọ́ọ̀mù nínú. Mo ti fi ìka lá a rí nígbà tí n kò gbọ́n. Mi ò lá a lẹ́ẹ̀kejì.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, ariwo ilé náà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìpè àsùbáà láti mọ́sálásí tó wà nítòsí wa, ìgbálẹ̀ tó ń họ ilẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ń fi fèrè lé oníbàárà kúrò lọ́nà, àti igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ tó ti gbẹ kó lè máa dán, pọ̀, pọ̀, pọ̀, títí etí á fi mọ́ ọn lára tí kò ní gbọ́ ọ mọ́ àfi bó bá dákẹ́. Ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń borí gbogbo rẹ̀. "Ta ló fi ìkòkò aró sílẹ̀ láìdé? Ṣé ẹ fẹ́ kí adìyẹ mi di àdìrẹ ni?" Ọmọ Ìtòrí ni wọ́n. Ìyàwó ni wọ́n bá wọ ilé náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbọ́njú, àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìtòrí ni wọ́n ti wá, bí mo ṣe mọ̀ pé òṣùpá wà lójú ọ̀run. Mi ò jókòó rò ó rí. Lójú tèmi, ilé wa ni Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà náà sì ni ilé wa.

Ẹni tó ń bá orin wí jù nínú gbogbo wọn ni Ìyá Rábì, ìyàwó àbúrò bàbá mi. Mo ti wà láyé kí wọ́n tó wá sílé wa, nítorí náà wọn kì í pe orúkọ mi. "Ọkọ mi" ni wọ́n ń pè mí, tàbí "Eyínfúnjowó", bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín iwájú mi kan ti kán lára ọmọ ọlọ. Láràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kì mí. "Ọmọ olókùúta tí ogun kò ká mọ́lé, ọmọ aláró tó fi dúdú ra iyì." Orí mi á wú, màá lọ fọ ẹnu pẹ̀lú ìgbéraga. Oríkì ilé bàbá mi ni. Òun nìkan ṣoṣo ni mo mọ̀, mo sì rò pé oríkì gbogbo ẹni tó bá ti ń sùn nínú ilé náà ni.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni Ìyá Àgbà lọ sí Mẹ́kà. Ẹ ò lè mọ ohun tíyẹn jẹ́ fún ilé oníṣòwò ní Ìtòkú àfi bí wọ́n bá bí yín síbẹ̀. Wọ́n kun ògiri iwájú, wọ́n tún àjà pálọ̀ ṣe, àwọn tí kò kí wa mọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Bí ẹni bá ti Mẹ́kà dé, ọmọ ilé á fi wákà kí i káàbọ̀ níwájú àlejò, ilé tí wákà rẹ̀ bá sì dùn, wọ́n á máa sọ ọ́ kiri àdúgbò títí ọdún á fi yípo. Mo ní èmi ni màá ṣe é. Mi ò tíì tó ọmọ ilé ìwé girama, mo ṣì wà ní pírámárì, ṣùgbọ́n mo ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ní rárá. Nílé wa, wọn kì í ní kí ọmọ má kọrin. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá kọ ọ́ tán ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e kalẹ̀ fún àwọn obìnrin nídìí aṣọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìrìnàjò ni mo kọ́kọ́ fi ṣe: ọkọ̀ òfuurufú, iyanrìn, omi sámúsámù. Àwọn obìnrin ilé wa kì í sọ fún ọ pé orin rẹ dára. Bó bá dára, ìyẹ́ ọwọ́ wọn á máa bá a lọ. Bí kò bá dára, ìyẹ́ á dúró. Mi ò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí ìyẹ́ Ìyá Rábì fi dúró.

"Ọkọ mi, ṣé ajá ń lé ọ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí lò ń sá fún nígbà náà? O ti dé Mẹ́kà, o ti padà, àwa ò tíì rí mọ́tò wọ̀ ní Kútọ̀. Máa mí. Èyí tó tún kù, o ní ọkọ̀ òfuurufú ń fò bí ẹyẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń fò bí ẹyẹ. Kí nìwọ rí?"

"Mi ò dé ibi tó wà rí, mà."

"Ẹ gbọ́! Kò débẹ̀ rí, ó ń kọrin ẹ̀. Èyí tó o bá fojú rí ni kó o kọ."

"Ẹ fọmọ sílẹ̀," màmá mi sọ, wọn ò gbójú kúrò lára ẹja tí wọ́n ń yà. "Ó ṣáà gbìyànjú."

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àwa tá a dúró sẹ́yìn la rí i."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo orin ló dára lójú màmá mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bi wọ́n léèrè. Ìyá Rábì ni mo ń fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó dára, àwọn gan-an ni kì í sọ ọ́. Mo lọ tún un ṣe. Mo yọ ọkọ̀ òfuurufú kúrò, mo fi bí Ìyá Àgbà ṣe di ẹrù wọn síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tú u, tí wọ́n tún un dì, tí wọ́n ní àwọn ará Mẹ́kà kò gbọdọ̀ rò pé ará Ìtòkú kò mọ aṣọ ká. Mo padà wá kọ ọ́. Ìyẹ́ Ìyá Rábì dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó dúró, ó rìn. Wọ́n ní ó kù díẹ̀.

Ó kù díẹ̀ yìí ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo ní apá kejì lọ́kàn, apá tí mo ti fẹ́ kì Ìyá Àgbà fúnra wọn, níbi tí wákà náà ti máa ga tí èrò á hó. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Mo wò ó pé bí Ìyá Rábì bá gbọ́ ọ, wọ́n á rí ibi tó wọ́ lára rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kò ní dùn lẹ́nu mi mọ́. Ni mo bá mú un pa mọ́. Lẹ́yìn ilé, nídìí ibi tí a ń da eérú sí, ni mo ti ń kọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ewì máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo ti mọ ẹni tó ń wá ìmọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá oríyìn. Ẹni tó ń wá oríyìn á ti gbé e fún atẹ̀wé kó tó ní kí n bá òun wò ó. N kì í bínú sí wọn. Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù a sì máa múra bí ọgbọ́n. Yóò sọ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ kò tíì tó í fi hàn, yóò ní kò ní yé wọn, yóò ní ìlara ló ń ṣe wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni ó sọ fún èmi náà lẹ́yìn ilé yẹn, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ohùn rẹ̀ dùn ju ti Ìyá Rábì lọ.

Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà dé, bàbá mi àti àbúrò wọn ti lọ pàdé wọn ní Èkó láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwa tó kù lọ dúró ní Kútọ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, a sì tẹ̀lé ọkọ̀ wọn dé ilé. Wọ́n ti ta àtíbàbà síwájú ilé, alùfáà ti jókòó, ìrẹsì ń hó. Àwọn ará Ìtòrí ti dé ṣáájú wa. Bàbá Ìtòrí ló kó wọn wá, àbúrò Ìyá Àgbà lọ́kùnrin, èèyàn gíga kan tó máa ń dákẹ́ títí gbogbo èèyàn á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n ti rù díẹ̀, eyín góòlù kan ń tàn lẹ́nu wọn. Wọ́n di Àlàájà. Mo gun orí àpótí.

Wọ́n gba apá kìíní. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù, tí wọ́n ń tú u, ẹ̀rín bú ká gbogbo abẹ́ àtíbàbà, Ìyá Àgbà fi ìka halẹ̀ mọ́ mi. Mo wo Ìyá Rábì. Orí wọn ń mì pẹ̀lú orin náà. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ. Mo mí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo na ọwọ́ sí Ìyá Àgbà, mo bọ́ sí apá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí.

"Àlàájà wa, ọmọ olókùúta tí ogun kò ká mọ́lé, ọmọ aláró tó fi dúdú ra iyì!"

Ìyá Rábì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ìtòrí dìde.

"Ẹ dá ọmọ yẹn dúró. Ọmọ ta lo pe ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo rò pé wọn ò gbọ́ dáadáa ni. Mo tún un kì, mo sì pariwo rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ilé ọkọ wọn lo ń kì yẹn!" Bàbá Ìtòrí ti wá dojú kọ bàbá mi báyìí. "Ṣé inú igbó lẹ ti he ẹ̀gbọ́n mi ni? Ṣé wọn ò ní bàbá? A fi wọ́n fún yín níyàwó, ẹ wá gba bàbá mọ́ wọn lọ́wọ́?"

Ẹni tó bá mọ àṣà wa ti mọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nílé ọkọ, kó di olórí ibẹ̀, oríkì ilé bàbá rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Èmi fi oríkì ilé ọkọ kì í lójú àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, lọ́jọ́ iyì rẹ̀, níwájú gbogbo Ìtòkú. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá tuntun, wọ́n ní ọmọdé ni, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará Ìtòrí ti ń wá bàtà wọn. Ẹnìkan láàrin èrò ní, "Ẹnu àìmẹ́nu," kò parí òwe náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìyókù. Alùfáà ló bẹ Bàbá Ìtòrí jókòó. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fún àwọn lómi mu. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, mo wọ yàrá lọ, mo sì fi ìró màmá mi bo orí.

Mi ò kọrin mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò kọ ọ́ mọ́, mo kàn dákẹ́ ni. Ní ilé kéú, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ọmọ ta ni màmá àwọn, ọmọ ta ni ewúrẹ́ àwọn. Nídìí aṣọ, bí wọ́n bá dá orin, màá ní mo ń lọ gbé omi. Mo ti gbé omi tó kún gbogbo ìkòkò ilé, mo ṣì ń gbé e. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé wọ́n bá mi wí. Ojoojúmọ́ ayé ni wọ́n ń bá mi wí. Ó ń dùn mí pé Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan, mo sì rò pé mo ti ba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń dúró dè ní gbogbo ayé wọn jẹ́.

Ìyá Rábì ló ká mi mọ́ ìdí eérú.

"Apá kejì yẹn," wọ́n ní, "nígbà wo lo ṣe é?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Kí ló dé tó o fi pa á mọ́ fún mi?"

Mo ń fi ìka ẹsẹ̀ fa ilà sínú eérú. "Nítorí pé ẹ máa bá a wí," mo sọ.

Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n jókòó sórí ìkòkò tó fọ́ kan ni, ojú wọn sì yí padà bí ẹni tí mo gbá létí. "Ọkọ mi, ta ló sàn kó bá ọ wí? Ṣé èmi tí mo máa bá ọ wí nínú ilé, tí a jọ máa jẹ láfún lẹ́yìn ẹ̀ ni, àbí ará ìta? Ká ní o kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá ti sọ fún ọ. Ìdí tí mo fi ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn." Wọ́n fi etí ìró nu imú. "Orin yẹn sì dára. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ibi kan ló wọ́ níbẹ̀."

Àkókò tó yẹ kí n yọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo sun. Ìyá Rábì ní ó dára, ó sì bọ́ sí ọjọ́ tí mi ò ní ohùn tí màá fi kọ ọ́ mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi yẹ kí Ìyá Àgbà lọ sí Ìtòrí lọ pín omi sámúsámù àti dàbínù fún àwọn ènìyàn wọn. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ti wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo máa gbé báàgì mi."

"Ìyá, inú ń run mí."

"Inú tó ń run ọ yẹn, a máa gbé òun náà lọ sí Ìtòrí."

Màmá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Ìyá Rábì ní òun máa tẹ̀lé wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a wọ mọ́tò ní Kútọ̀, èmi láàrin àwọn méjèèjì, báàgì lórí itan mi. Nígbà tí a ti jáde kúrò nílé àti ariwo ni Ìyá Àgbà tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ kó aṣọ tàwọn dá ṣe lọ sọ́jà, obìnrin kan na ọ̀kan sókè lójú gbogbo èèyàn, ó ní ta ló ya ìyàkuyà yìí.

"Kí lẹ wá ṣe, mà?"

"Mo lọ bá a nílé ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo ní kó fi ibi tó burú hàn mí."

"Ó sì fi hàn yín?"

"Inú ẹ̀ dùn jọjọ. Èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, mo tún un ṣe. Èyí tó sọ nítorí pé kò fẹ́ràn ojú mi, mo fi í sílẹ̀ fún un, ẹrù tiẹ̀ nìyẹn." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Àmọ́ ǹ bá má mọ ìkan yàtọ̀ sí ìkejì ká ní mo jókòó sílé."

Igi obì kan wà níwájú ilé wọn ní Ìtòrí. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti bá Bàbá Ìtòrí, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀: obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata sọ̀kalẹ̀, ọlọ́kadà kan tó ń sùn, bàbá kan tó ń jẹ àgbàdo sísun. Mo rò pé ẹbí ni gbogbo wọn. Àṣé ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá fún oòrùn. Ìyá Rábì fi ìgúnpá tì mí. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Mo ṣi Ìyá Àgbà kì lọ́jọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́, màá fẹ́ kí ẹ kọ́ mi."

"Ta ló ní kó o wá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà." Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ òótọ́.

Bàbá Ìtòrí wò mí, wọ́n wo Ìyá Àgbà tó ń wo ibòmíràn, wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ńṣì. "Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Jókòó." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fún mi. "Ọmọ odò tí kì í gbẹ lójú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọmọ ọlọ́nà tí kì í dínà fún àlejò."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́!" Ìyá arúgbó kan pariwo láti inú ilé. "Ọ̀nà ló ṣáájú odò!"

"Odò ló ṣáájú!"

"Bàbá yín pàápàá, bó ṣe máa ń ṣì í kì nìyẹn!"

Wọ́n fà á títí, ọlọ́kadà jí, obìnrin aláta dá sí i, kò tilẹ̀ mọ ilé náà rí. Èmi jókòó sáàrin wọn, ẹ̀rù sì ń kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí mo ń bẹ̀rù pé wọ́n mọ gbogbo rẹ̀, àwọn náà ṣì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo gba ohun tí mo lè gbà. Mo bi wọ́n léèrè, mo kọ ọ́ fún Ìyá Rábì lẹ́yìn ilé, wọ́n ní mo ń sáré, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kò jẹ́ kí n sinmi. Mo fi í síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe gbogbo ilé jáde sábẹ́ igi. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ sọ ọ́ kedere, nítorí àwọn tó ń gbọ́ mi lórí rédíò lónìí rò pé wọ́n bí ìgboyà mọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn tó yẹ kí n bi, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́. Mo mí. Mo kọrin. Nígbà tí mo dé ibi oríkì, mo kì wọ́n ní ọmọ odò, mo kì wọ́n ní ọmọ ọlọ́nà, àwọn ará ilé ń fi "hin-ìn" gbè é, mo sì gbé tèmi lé e:

"Ọmọ ẹni tó gbin obì, tó fi ibòji rẹ̀ ta ẹni tí kò gbìn lọ́rẹ."

Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà wa tí kì í sunkún, tí kò sun ún nígbà tí ìkòkò aró fọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kì mí dénú báyìí." Wọ́n fà mí mọ́ra, òórùn òróró Mẹ́kà ṣì wà lára wọn. Mo fẹ́ràn wọn débi pé ó ń dùn mí láyà.

"Ó dára," Bàbá Ìtòrí sọ nígbà tí ariwo rọlẹ̀. "Àmọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn, ti obì. Kò sí nínú oríkì wa. Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Èmi ni mo fi sí i."

"Oríkì kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi nǹkan sí. Yọ ọ́ kúrò."

Gbogbo ojú wá sára mi. Ohùn kan náà tó já mi sílẹ̀ lórí àpótí ni. Mo wo Ìyá Rábì, wọn ò gbà mí sílẹ̀, wọ́n kàn ń wò mí. Mo yẹ gbólóhùn náà wò lọ́kàn mi, bóyá ibi kan wọ́ lára rẹ̀. Mi ò rí i.

"Bàbá, ẹ má bínú," mo sọ lórí ìkúnlẹ̀. "Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ní kí n tún ṣe ni mo tún ṣe. Èyí, mi ò ní yọ ọ́. Ẹ wo abẹ́ igi yín, sà."

Ọlọ́kadà ṣì wà níbẹ̀. Aláta ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Ìtòrí wò wọ́n pẹ́. Wọn ò sọ pé kí n fi í sílẹ̀, wọn ò tún sọ pé kí n yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí lágídí o," wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì fi ẹran tiwọn kún tèmi.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Mo ti gbọ́ ìbáwí tó ju ti Bàbá Ìtòrí lọ, àwọn tó ní ewì mi ti gbó, àwọn tó ní ohùn mi ti le jù fún obìnrin. Èyí tó jẹ́ òótọ́, mo ń tún un ṣe. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n sọmọ lórúkọ nínú ilé yẹn ní Ìtòrí, mo sì lọ. Wọ́n ní kí n kì ọmọ náà. Mo kì í dé ibi obì, mo kì í bí mo ṣe kì í lábẹ́ igi lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó ilé kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹnu sí mi létí tìtìjú-tìtìjú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ṣì í kì. Bí wọ́n ṣe ń kì í nílé yìí látayébáyé ni, 'Ọmọ a-gbin-obì-fi-ibòji-tọrẹ.'"

Mo tún un sọ lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Tiwọn kúrú ju tèmi lọ, ó sì dùn jù ú lọ.

"O ṣé, ìyàwó," mo sọ. "Tún un kì kí n gbọ́."